Ẹ Bi Wá Léèrè: Kí Ló Dé Tí Fíìmù Noir Kì Í Fẹ́ Parí Síre?

Lóṣù tó kọjá mo kan mẹ́nu ba film noir díẹ̀ lójú ìwé yìí, àwọn fíìmù ọ̀daràn dúdú-àti-funfun tí Hollywood ń ṣe láti nǹkan bí 1940 títí di nǹkan bí 1958. Fíìmù dúdú ló túmọ̀ sí lédè Faransé, Nino Frank, ará Faransé kan tó ń kọ̀wé nípa sinimá, ló pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1946, nígbà tí àwọn fíìmù Amẹ́ríkà tí ogun ò jẹ́ kó dé Paris wá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà tó sì rí i pé nǹkan kan ti ṣókùnkùn nínú wọn. Mo ní ìparí wọn ni mo fẹ́ràn jù, bó ṣe jẹ́ pé ẹkún ni wọ́n sábà máa ń parí sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ àwọn kan, ó bí àwọn kan nínú, lẹ́tà ń wọlé títí di ìrọ̀lẹ́ àná. Mo ti ṣa mẹ́fà, n ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ ṣe bẹ̀ mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Torí tiyín lèmi àti àbúrò mi ṣe wo Double Indemnity. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin yẹn ti sọ ọ́ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ pé òun pààyàn, pé torí owó àti torí obìnrin ni, pé òun ò sì rí owó òun ò rí obìnrin, síbẹ̀ mo jókòó síbẹ̀ àyà mi ń já bíi pé ó ṣì lè bọ́. Fíìmù tá a ti mọ ibi tó ń lọ, kí ló tún kù tá à ń wò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an. Kí n yára sọ ìtàn náà fáwọn tí ò tíì wò ó. Billy Wilder ló darí ẹ̀ lọ́dún 1944, òun àti Raymond Chandler ni wọ́n jọ kọ ọ́ látinú ìwé James M. Cain. Walter Neff ń ta ìnṣọ́ránsì ní Los Angeles, ó lọ sílé oníbàárà kan, ó bá ìyàwó ẹ̀ níbẹ̀, Phyllis, àwọn méjèèjì wá gbìmọ̀ pé káwọn pa ọkọ obìnrin náà kó sì dà bíi pé ó já bọ́ látinú rélùwéè, torí tó bá jẹ́ rélùwéè ló pa á, ìlọ́po méjì lowó tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa san, 100,000 dọ́là dípò 50,000. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, Neff ń wọ́ ẹsẹ̀ wọ ọ́fíìsì wọn, ọta ìbọn ti wọ̀ ọ́ léjìká, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń jẹ́wọ́ fún ẹni tó sún mọ́ ọn jù níbi iṣẹ́, Barton Keyes, bàbá tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tú àṣírí àwọn tó fẹ́ lu ilé iṣẹ́ náà ní jìbìtì.

Ẹ̀yin náà wá wò ó. Tá ò bá tíì mọ ìparí ìtàn, ohun tá à ń bi ara wa ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ báyìí. Tá a bá ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè yẹn á kú, òmíràn á dìde, ibo lọkùnrin yìí ì bá ti yà kúrò lọ́nà? Ìyẹn ló ń já ẹ láyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Phyllis fọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì yẹn, Neff ti mọ ohun tó ń wá, ó sọ ọ́ sí i lójú, ó bínú jáde nílé ẹ̀. Ó jáde o! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà níta. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Phyllis wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ó sì ṣí i. Ẹni tó ń wò ó fúngbà àkọ́kọ́ láìmọ̀ kankan, ilẹ̀kùn lásán nìyẹn lójú ẹ̀, àmọ́ àwa tá a ti rí ẹ̀jẹ̀ léjìká ẹ̀, ṣe la fẹ́ kígbe pé má ṣí i. Bí wọ́n ṣe pa ọkùnrin náà tán tí gbogbo ẹ̀ sì lọ geere, Neff ń rìn lọ sílé, ó ní òun ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara òun, pé ìrìn òkú lòun ń rìn. Ọlọ́pàá kankan ò tíì fura sí i nígbà yẹn, àní Keyes gan-an ò tíì fura sí i.

Àti ìparí ẹ̀ gangan, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí torí ó ti tó ogún ìgbà tí mo wò ó. Jálẹ̀ fíìmù, Keyes máa ń mu sìgá ńlá, kì í ní ìṣáná lọ́wọ́ láé, Neff ló máa ń fi èékánná àtàǹpàkò ṣáná fún un, ó ṣe é títí a ò fi kà á sí nǹkan kan mọ́. Níparí, Neff fẹ́ sá, kò lè dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú síbẹ̀, ó fi sìgá sẹ́nu, ọwọ́ ẹ̀ ò wá lè ṣáná mọ́, Keyes kúnlẹ̀ tì í, ó bá a ṣá a. Ó tán. Wilder ti ya ìparí míì tẹ́lẹ̀ o, wọ́n kọ́ yàrá tí wọ́n ti ń fi gáàsì pa ọ̀daràn, wọ́n ya bí wọ́n ṣe pa Neff níbẹ̀ tí Keyes dúró tó ń wò ó, Wilder wá yọ gbogbo ẹ̀ dànù. Lójú tèmi, ibi tó ti ṣe é dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Nínú yàrá gáàsì yẹn, ìjọba ni ì bá gba fíìmù náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbi iná ìṣáná yẹn, a rí nǹkan tí Neff bà jẹ́ gan-an, ọ̀rẹ́ tó ní, tó jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́ nínú gbogbo fíìmù yẹn.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé làákàyè àwọn olùdarí ni gbogbo ẹ̀. Mo kà á pé òfin ló wà nílẹ̀ nígbà náà pé ọ̀daràn kankan ò gbọdọ̀ mú un jẹ nínú fíìmù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ló kọ ìparí táà ń yìn yìí?

Ìdáhùn: N ò bínú rárá, òótọ́ lẹ kà, ó sì yẹ ká tú u dáadáa. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá ní Hollywood fúnra wọn ni wọ́n gba òfin yẹn wọlé lọ́dún 1930, wọn ò kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀ ka á sí, àfìgbà tó di 1934 tí Joseph Breen di olórí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o, àtìgbà náà ni fíìmù tí ò bá ti ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yẹn ò ti rí ààyè nínú àwọn sinimá ńlá, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1968. Neff gbọ́dọ̀ jìyà, dandan ni. Nínú Detour tí Edgar G. Ulmer ṣe lọ́dún 1945, fíìmù olówó táṣẹ́rẹ́ tí ò ju ìṣẹ́jú 68 lọ, ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù nínú ẹ̀ ń dá rìn lójú títì lálẹ́ níparí, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan yọ lójijì, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Òfin ló gbé ọkọ̀ yẹn wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí òfin náà wí. Ohun méjì ló ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí ọ̀daràn jìyà. Èkejì, kí àánú ẹ̀ má ṣe ẹni tó ń wò, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ fa ọkàn àwọn òǹwòran sọ́dọ̀ ìwà ọ̀daràn. Àwọn olùdarí noir ṣe àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ṣe é kọjá ibi tí Breen gan-an fẹ́ kí wọ́n ṣe é dé. Èkejì ni wọn ò ṣe. Wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà níwájú wa, wọ́n sì jẹ́ ká máa ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Ibi tí mo ti rí agbára àwọn ìparí wọ̀nyí nìyẹn, àárín ìyà àti ọ̀fọ̀. Òfin lè pàṣẹ pé kí wọ́n fìyà jẹ ènìyàn, kò sí ọ́fíìsì tó lè pàṣẹ bó ṣe máa rí lára ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn tó ń wò ó.

Ẹ wo Scarlet Street, ti Fritz Lang, 1945 náà ni. Chris Cross jẹ́ kàṣíà, bàbá jẹ́jẹ́ kan, ìyàwó ẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi nílé, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń rí àyè kun àwòrán tó fẹ́ràn. Ó wá kó sọ́wọ́ Kitty, Kitty àti Johnny ọkùnrin tó fẹ́ràn gan-an sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàbá yẹn run, wọ́n ń ta àwọn àwòrán ẹ̀ lórúkọ Kitty. Lọ́jọ́ tí Kitty fi í rẹ́rìn-ín lójú ara ẹ̀, ó gun ún pa. Johnny ni ìjọba mú, Johnny ni wọ́n jókòó sórí àga oníná, Chris ń lọ lómìnira. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti rú òfin yẹn tán? Apààyàn ń rìn kiri, ẹni tí ò pààyàn ló kú. Ọ́fíìsì Breen fọwọ́ sí i síbẹ̀, torí wọ́n gbà pé ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ti fìyà jẹ ẹ́ tó, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ New York ò gbà, wọ́n fòfin dè é níbẹ̀rẹ̀ 1946 kí wọ́n tó wá jọ yanjú ẹ̀. Irú ìyà wo wá ni? Ohùn Kitty àti Johnny ló ń gbọ́ létí, wọ́n ń ṣeré ìfẹ́ nínú òkùnkùn, ó pokùnso, àwọn aráalé já a sílẹ̀, kò ráàyè kú. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kò nílé kò lọ́nà, ó ń sọ fún ọlọ́pàá pé òun pààyàn, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, wọ́n kà á sí wèrè. Nígbà tó ń kọjá níwájú ilé àwòrán kan, wọ́n ń gbé àwòrán Kitty tó fọwọ́ ara ẹ̀ kùn jáde, 10,000 dọ́là ni wọ́n rà á. Ó ń rìn lọ. Lang wá mú kí gbogbo èrò tó kún títì pòórá, Chris nìkan ló kù lójú títì gbọọrọ yẹn, tòun ti ohùn tó ń gbọ́.

Ẹ sọ fún mi, ọ́fíìsì wo ló kọ ìyẹn?

Ohun míì tún wà. Lang, Wilder, Robert Siodmak, Ulmer, láti Jámánì àti Austria ni àwọn wọ̀nyí ti wá, púpọ̀ nínú wọn sì sá fún Hitler ni. Wilder fi Berlin sílẹ̀ lọ́dún 1933, ìyá ẹ̀ tí ò lè sá wà lára àwọn Júù tí wọ́n pa. Ẹni tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ò lè sọ fún un pé ìtàn gbogbo ló ń parí síre. Àwọn ará Faransé pàápàá, tí òfin Hollywood ò kàn, ti ń ṣe irú ẹ̀ ṣáájú, nínú Le Jour se lève tí Marcel Carné ṣe lọ́dún 1939, Jean Gabin ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá, ilẹ̀ mọ́ bá a ó ti yìnbọn fún ara ẹ̀, aago tó yí sílẹ̀ pé kó jí òun lọ síbi iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá tí òkú wà. Tẹ́ ẹ bá sì wo ìgbà tí òfin yẹn ti kú pátápátá, Chinatown jáde lọ́dún 1974, Robert Towne tó kọ ọ́ fẹ́ kí Evelyn, obìnrin inú ẹ̀, là á já, Roman Polanski tó darí ẹ̀ ló ta kú pé ó gbọ́dọ̀ kú, kí bàbá ẹ̀ tó jẹ́ èèyàn burúkú sì máa jayé lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn mọ́ nígbà yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo fíìmù noir ló ń parí báyẹn ni? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ torí ọkàn mi ò lágbára.

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Laura (1944), Gilda (1946) àti The Big Sleep (1946), ọkùnrin àti obìnrin wọn wà láàyè, wọ́n sì jọ wà pọ̀ níparí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Èyí tí n ò ní ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni The Woman in the Window tí Lang ṣe lọ́dún 1944, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n níparí ẹ̀ bàbá tó ti há yẹn jí lójú oorun, àlá ni gbogbo ẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀ ló kó àwọn òṣèré mẹ́ta kan náà jọ, Edward G. Robinson, Joan Bennett àti Dan Duryea, ó fi wọ́n ṣe Scarlet Street, wọn ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jí lójú oorun lọ́tẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ń ka ojú ìwé rẹ dáadáa. Ọmọkùnrin mi tó kéré jù ti pé ọdún 17, àwọn fíìmù yìí ló ń wò ṣáá, mo bá a jókòó wo ọ̀kan, gbogbo wọn kú tán. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ máa rò pé ayé ò nírètí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Mo gbọ́ yín, n ò sì ní sọ pé ẹ̀rù yín ò nídìí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ò jẹun, kò sùn, kò bẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ fíìmù sílẹ̀ kí ẹ jọ sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó kàn ń wò ó tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo ọ̀kan sí i, Out of the Past, Jacques Tourneur ló darí ẹ̀ lọ́dún 1947. Robert Mitchum ni Jeff, ó ti fi ìgbé ayé àtijọ́ sílẹ̀, ó ń ta epo mọ́tò ní ìlú kékeré kan, ó ti rí ọmọbìnrin dáadáa kan, Ann, ó fẹ́ fi ṣaya. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wá a dé ibẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Kathie, obìnrin tó kó o sí wàhálà nígbà kan, fẹ́ káwọn méjèèjì jọ sá lọ, Jeff ti pe àwọn ọlọ́pàá fúnra ẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ti dí ọ̀nà, ó wọ mọ́tò bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kú lójú títì.

Tó bá tán síbẹ̀, ẹ ò bá jàre mi. Àmọ́ ọmọkùnrin kan wà tó ń bá Jeff ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta epo, odi ni, kì í gbọ́rọ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀. Ann wá bá a, ó bi í pé, ṣé Jeff àti Kathie ló fẹ́ jọ lọ lóòótọ́? Ọmọ yẹn mọ̀ pé rárá ni. Ó wò ó, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ann yí padà, ó bá ọkùnrin tó ti ń dúró dè é lọ, ó lè gbàgbé báyìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ ayé míì. Ọmọ náà gbójú sókè wo orúkọ Jeff tí wọ́n kọ sókè ilé epo yẹn, ó gbé ọwọ́ kí i. Irọ́ ló pa mọ́ òkú, ó ba orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ́ torí kí ẹni tó wà láàyè lè mí, ó sì dá mi lójú pé Jeff ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín tẹ́ ẹ bá wò ó tán, ṣé ohun tó dáa ni ọmọ odi yẹn ṣe? Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Mo rò pé ẹ máa rí i pé ohun tó ń wá nínú àwọn fíìmù yìí yàtọ̀ sí ohun tó ń bà yín lẹ́rù.

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, mo ń kọ eré, mo ti kọ ọ̀kan tán. Níparí ẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà ti rí owó tó sì ń lọ pàdé ìyàwó ẹ̀, mọ́tò gbá a pa. Mo rò pé ẹkún ni wọ́n máa sun, ẹ̀rín làwọn ọ̀rẹ́ mi bú sí. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn dá ẹ dúró. Ìbéèrè kan ni mo ní, ta ló wa mọ́tò yẹn? Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni, ìwọ òǹkọ̀wé, wọ́n máa rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rí ọwọ́ ẹ lórí ìdarí. Lọ wo The Killing tí Stanley Kubrick ṣe lọ́dún 1956. Wọ́n jalè níbi eré ẹṣin, owó náà tó mílíọ̀nù méjì dọ́là, Johnny Clay nìkan ló kù nínú gbogbo wọn, òun àti obìnrin ẹ̀ ti dé pápákọ̀ òfurufú, àpótí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ajá kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ obìnrin tó gbé e, ó sáré lọ sórí pápá, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù yà fún un, àpótí jábọ́, ó ṣí, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú wá fẹ́ gbogbo owó yẹn lọ. Tẹ́nì kan bá sọ ọ́ fún ẹ lẹ́nu báyìí, wàá ní ajá yẹn àti mọ́tò tìẹ, ọ̀kan náà ni. Wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Johnny ra àpótí yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, a rí i pé ẹnu ẹ̀ ò tì dáadáa. Ó tóbi jù, àwọn òṣìṣẹ́ ò jẹ́ kó gbé e wọ inú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ní àfi kó jẹ́ kí wọ́n kó o pẹ̀lú ẹrù, ó bá wọn jiyàn díẹ̀, ó gbà, torí kò fẹ́ kí wọ́n fura. Ọkùnrin tó ti ṣètò gbogbo nǹkan dé orí ìṣẹ́jú ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e fún wọn. Ajá yẹn kàn jẹ́ ẹni tó kẹ́yìn nínú ìlà ni. Obìnrin ẹ̀ wá ń sọ fún un pé kó sá, Johnny ní kí nìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Tún wo In a Lonely Place, Nicholas Ray, 1950. Èyí máa kọ́ ẹ ní nǹkan míì, pé kò pọn dandan kẹ́nikẹ́ni kú. Humphrey Bogart jẹ́ òǹkọ̀wé fíìmù tí ìbínú ẹ̀ burú, wọ́n ń fura sí i pé ó pa ọmọbìnrin kan, Laurel aládùúgbò ẹ̀ dúró tì í, ìfẹ́ wọn dùn, àmọ́ bó ṣe ń rí ìbínú yẹn lójoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà á sí i. Nínú ìwé eré tí wọ́n kọ, ó pa Laurel níparí, Ray sì ya á bẹ́ẹ̀ gan-an. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dà á nù, ó tún un yà. Nínú èyí tá à ń wò, ó ti fún Laurel lọ́rùn, díẹ̀ ló kù kó kú, tẹlifóònù ló dún tó jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló pè, wọ́n ní ẹni tó pa ọmọbìnrin yẹn ti jẹ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Laurel ní tó bá jẹ́ àná ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ṣe pàtàkì sí àwọn gan-an, pé ní báyìí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bogart ń rìn lọ, Laurel ń wò ó.

Ìròyìn ayọ̀ ni tẹlifóònù yẹn gbé wá, àbúrò. Òun ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ. Nítorí náà pa dà sínú ìwé ẹ, yọ mọ́tò yẹn, kí o bi ọkùnrin náà pé kí ló ti ṣe sí ìyàwó ẹ̀ kó tó rí owó, bóyá ìyàwó yẹn gan-an ṣì ń dúró dè é níbi tó ń lọ.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn èèyàn dáa sí mi, gbogbo wọn ló ń sọ pé ó máa dáa, àwọn fíìmù tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí mi, ó máa ń dáa níparí lóòótọ́, n kì í lè wò wọ́n tán. Àwọn fíìmù noir yìí nìkan ni mo ń wò tí ara mi ń balẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe mí? Kí ni kí n tún wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á tù yín nínú. Kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ẹni tó ní ó máa dáa fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń fi ọgbọ́n ní kí ẹ yára, pé kí ẹ ti dé òdìkejì. Àwọn fíìmù yìí kì í bẹ ènìyàn pé kó yára. Wọ́n jẹ́ kí ohun tó lọ lọ, wọ́n sì jókòó tì yín níbẹ̀. Nígbà tí èmi náà pàdánù ẹni mi, bó ṣe rí fún mi nìyẹn, n ò fẹ́ ẹni tó máa fa mí dìde, ẹni tó máa jókòó ni mo fẹ́.

Ẹ wo The Third Man tẹ́ ò bá tíì wò ó, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, Carol Reed ló darí ẹ̀ lọ́dún 1949, ní Vienna tí ogun ti fọ́ túútúú. Graham Greene tó kọ ọ́ fẹ́ kí ọkùnrin àti obìnrin inú ẹ̀ jọ lọ níparí, Reed ní rárá, ó sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí Greene fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Reed ló jàre. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Harry Lime ni, ẹni burúkú ni, àmọ́ Anna fẹ́ràn ẹ̀. Holly, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi í lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìtẹ́ òkú kó lè bá Anna sọ̀rọ̀. Ọ̀nà yẹn gùn, igi wà ní ọ̀tún àti òsì, ewé ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Anna ṣì kéré bíi àmì lókèèrè. Ẹ máa rò pé wọ́n máa gé e, wọn ò gé e. Ó ń rìn bọ̀, ó ń rìn bọ̀, kò yára, kò dẹsẹ̀ dúró, orin ohun èlò olókùn kan ń lọ lábẹ́ ẹ̀, ó dé iwájú Holly, ó kọjá láìwo ọ̀tún wo òsì, ó kọjá àwa náà. Holly dúró díẹ̀, ó yọ sìgá, ó ṣáná sí i, ó ju ìṣáná sílẹ̀. Ẹ má pa á níbẹ̀ yẹn o, ẹ jẹ́ kí orin náà tán.